Ta Ló Jẹ̀bi Koríko Tó Gbẹ?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé koríko kan wà níwájú ẹ́sítéètì kan, ó tẹ́ rẹrẹ, òdòdó wà létí rẹ̀. Wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sójú rẹ̀. Kànga dẹ̀rọ wà, táǹkì wà, ìwé àdéhùn wà nínú fáìlì, agbaṣẹ́ṣe kan sì ń gba owó lóṣooṣù láti máa tọ́jú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún, koríko ti gbẹ pátápátá, ó rí bí ewé àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn. Ta ló jẹ̀bi?

Bí ẹ bá bi alága ẹ́sítéètì, á ní agbaṣẹ́ṣe ni, ṣebí òun ni wọ́n ń sanwó fún. Bí ẹ bá bi agbaṣẹ́ṣe, á ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, pọ́ǹpù ò sì sí nínú iṣẹ́ tí òun gbà. Ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe á ní kò sẹ́ni tó pe òun. Gádínà tó ń gé koríko á ní òun rí i pé omi ò jáde mọ́, ṣùgbọ́n koríko gígé ni wọ́n gba òun fún, kì í ṣe omi. Àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì á ní àwọn ti san owó ìtọ́jú tàwọn. Ẹ wá wò ó: kò sí ẹni tó purọ́ nínú gbogbo wọn. Kálukú sọ òtítọ́, koríko sì kú.

Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn nìyẹn. Báwo ni gbogbo èèyàn ṣe lè ṣe ohun tí ìwé wọn sọ, kí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ìwé náà wá bàjẹ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ koríko lásán ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ìwòyí, iṣẹ́ àgbàṣe la fi ń jẹun. A gba iṣẹ́ fọ́tò, a gba iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, a gba iṣẹ́ ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù. A máa ń fọwọ́ sí ìwé tí a ò kà tán. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ìwé yẹn la máa ń sáré wá, ká lè wá ibi tí orúkọ wa ò sí níbẹ̀. Koríko kàn rọrùn láti fi ṣàpẹẹrẹ ni, torí pé kò ṣeé fi pamọ́. Tó bá gbẹ, gbogbo ayé ló rí i.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ń fa omi láti inú kànga dẹ̀rọ lọ sínú táǹkì. Láti inú táǹkì, wọ́n á ti omi gba inú asẹ́ kọjá, kí iyanrìn má baà dí ẹnu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn asẹ́ ni àwọn fáàfù wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí omi sí apá kan ọgbà. Aago kan ló ń darí àwọn fáàfù náà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí àti ìgbà tí wọ́n máa tì. Omi á wá gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àwọn orí ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọn káàkiri. Ibi tó bá jẹ́ ìdí igi tàbí òdòdó, wọ́n lè lo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ìwọ̀nba ló ń bàjẹ́ lójijì. Asẹ́ máa ń dí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgékoríko á gbá orí ẹ̀rọ omi kan, orí náà á yí, á wá máa fọ́n omi sí títì dípò koríko. Gbòǹgbò igi á fún páìpù pa. Fáàfù kan ò ní tì dáadáa mọ́. Aago tí wọ́n ṣètò ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, á ṣì máa ṣí omi bákan náà ní oṣù Kẹfà. Ẹ ti rí i rí, àbí? Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ẹ̀rọ náà sì ń fọ́n omi lọ, bí ẹni tó ń bá òjò díje.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í pariwo. Àfi kí ojú rí wọn.

Ìyẹn ló jẹ́ ká ronú sí ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. A ní "tọ́jú". A ní "bójú tó". A ní "mójú tó". Ojú ló wà nínú gbogbo wọn, ọwọ́ kọ́. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, a máa ń ní ká tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó bàjẹ́, ojú la ní kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lò. Ìwé àdéhùn òde òní sábà máa ń ka iṣẹ́ ọwọ́ nìkan: gé koríko lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, fọ asẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pààrọ̀ orí ẹ̀rọ tó bá fọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ojú gbọ́dọ̀ wò ó, ẹni tó ni ojú náà, àti ẹni tí ojú náà máa ròyìn fún, ìyẹn kì í sábà sí níbẹ̀. A kọ ọwọ́ sílẹ̀, a gbàgbé ojú.

Àwọn amòfin ti bá irú ìbéèrè yìí fà á tipẹ́. Ní 1925, onímọ̀ òfin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, René Demogue, pín ojúṣe inú àdéhùn sí oríṣi méjì. Nínú oríṣi kìíní, àbájáde lèèyàn ṣèlérí. Awakọ̀ tó gba ẹrù láti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́, ohun tó ṣèlérí ni pé ẹrù á dé láìfọ́; bó bá fọ́, kò lè kàn sọ pé "mo gbìyànjú o." Nínú oríṣi kejì, ìsapá lèèyàn ṣèlérí. Dókítà kì í ṣèlérí pé aláìsàn ò ní kú. Ohun tó ṣèlérí ni pé òun á lo ìmọ̀ àti ìṣọ́ra tó yẹ. Òfin Faransé gba ìpín yìí wọlé, àwọn amòfin orílẹ̀-èdè tó jogún òfin Faransé, bíi Benin, náà sì mọ̀ ọ́n.

Koríko wa ńkọ́, oríṣi wo ni tirẹ̀? Bí a bá sọ pé àbájáde ni, a jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe ti ṣèlérí koríko tútù, iná wà o, iná ò sí o. Bí a bá sọ pé ìsapá ni, ó lè máa wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kó ṣe ohun tó wà lórí ìwé, kó máa wo koríko bó ṣe ń kú lọ, kó sì gba owó rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bí a bá mú èkíní, a lè fìyà jẹ òṣìṣẹ́ lórí ohun tí kò ṣe. Bí a bá mú èkejì, ẹni tó ń sanwó á máa sanwó fún òfìfo.

Èrò tiwa ni pé ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni èyí: kí ni agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ kálukú?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó díẹ̀. Ká mú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Bí omi tó jìn tó mílímítà kan bá bo ilẹ̀ yẹn, lítà kan géérégé ni. Bí koríko wa bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 500, tó sì ń fẹ́ mílímítà 5 lójúmọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, lítà 2,500 nìyẹn lójoojúmọ́. Omi yẹn ò lè gun òkè fúnra rẹ̀, iná ló ń gbé e. Bí iná ìjọba ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Bí dísù ò bá sí, omi ò sí. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀? Ta ló ń ra dísù? Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ alága ni méjèèjì wà, tí alága sì ní kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀ nítorí koríko, kò sí ìwé tó lè sọ ikú koríko náà di ẹ̀bi agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀bi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé agbára. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, a ò lè bi í pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn ò ṣí.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá gba iṣẹ́, ó yọ owó tirẹ̀, ó gbé iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kékeré. Iléeṣẹ́ kékeré yọ tirẹ̀, ó wá gádínà kan. Gádínà yìí, kò sí sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí aago, kò sì lówó tó lè fi ra orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn olùgbé ń rí láràárọ̀, òun náà sì ni wọ́n ń pariwo mọ́. Ẹ̀bi máa ń ṣe bí omi, ibi tó rẹlẹ̀ jù ló ń ṣàn lọ. Owó kì í ṣe bẹ́ẹ̀, owó máa ń dúró sókè. Ìwé àdéhùn tó bá fàyè gba èyí, kódà bí amòfin mẹ́wàá bá fọwọ́ sí i, ìrẹ́jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Bábílónì, ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, Ọba Hammurabi ní kí wọ́n gbẹ́ àwọn òfin rẹ̀ sára òkúta dúdú kan, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris lónìí. Òfin 53 sí 56 níbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi oko ni. Bí ẹnì kan bá ya ọ̀lẹ, tí kò tún ògiri ilẹ̀ tó ń dá omi dúró ṣe, tí ògiri náà sì ya, tí omi gbé oko ẹlòmíràn lọ, òun ló máa san ọkà tó bàjẹ́. Bí kò bá lè san án, wọ́n á ta òun fúnra rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, àwọn tí omi ba oko wọn jẹ́ á sì pín owó náà.

Ìyà yẹn le ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹni tó ni ògiri náà ló ń jẹ èrè rẹ̀, òun ló ń rí i lójoojúmọ́, òun náà ló lè tún un ṣe. Ojú, ọwọ́ àti èrè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, torí náà kò ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Lóde òní, a ti pín wọn. Ẹni tó ń gbádùn koríko yàtọ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀, ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ yàtọ̀, ẹni tó ń gba owó rẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ àdéhùn ni láti so wọ́n pọ̀ padà.

Ibì kan wà tí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó tú. Ní ìlú Valencia ní Sípéènì, ilé ẹjọ́ kan wà fún ọ̀rọ̀ omi oko. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ló ń jókòó, ní aago méjìlá ọ̀sán, lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà ìlú náà. Àgbẹ̀ làwọn adájọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń lo omi ló sì yàn wọ́n. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́ níbẹ̀, wọ́n á sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní 2009, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń dájọ́ mọ bí ojú omi ṣe ń dí, torí tirẹ̀ náà ti dí rí.

Ọdún 2009 yẹn kan náà ni Elinor Ostrom di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé. Ìwé rẹ̀, Governing the Commons, ti jáde láti 1990. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ètò omi oko ní Nepal, wọ́n sì rí i pé ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bójú tó omi wọn fúnra wọn sábà máa ń ṣe dáadáa ju ibi tí iléeṣẹ́ ìjọba ti ń bójú tó o fún wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìjọba ni sìmẹ́ǹtì rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ lówó ju ìjọba lọ. Ẹni tó ń kó ẹrẹ̀ kúrò lójú omi ni omi náà ń dé oko rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ omi náà sì mọ ẹni tí òun ń jíhìn fún.

Àwa náà ní tiwa. Nílẹ̀ Yorùbá, kí kọ́ńtíráàtì tó dé, àáró wà, ọ̀wẹ̀ sì wà. Nínú àáró, a bá aládùúgbò wa roko lónìí, ó bá wa ro tiwa lọ́la. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ọ̀lẹ roko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló rí i, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì lè padà bá nínú oko tirẹ̀. A ò torí ìyẹn sọ pé ká padà sí ayé àtijọ́. Àáró ò lè tún pọ́ǹpù ṣe, àwọn tó sì ń gbé ẹ́sítéètì onílé 200 ò mọ orúkọ ara wọn. A nílò ìwé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìwé náà ṣe ohun tí àáró ń ṣe: kó jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn máa rí ara wọn, kí wọ́n sì máa rí iṣẹ́ náà.

A mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé: "Ẹ dákun, iye tí wọ́n san fún mi ni mo ṣe. Bí mo bá tún ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ mi ṣe lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á sọ ọ́ di iṣẹ́ mi." Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn. "Ṣebí ọmọ wa ni ẹ́." "Jọ̀ọ́, bá wa wo èyí náà, kò le." Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ mọ òwe lò: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n á pa òwe náà tán, wọn ò ní fi kọ́bọ̀ lé owó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: títún un ṣe, àti sísọ ọ́. Títún nǹkan ṣe ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó ń gba irinṣẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gádínà tó ń gé koríko ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè fáàfù tuntun. Ṣùgbọ́n sísọ ohun tó rí ò tó nǹkan. Fọ́tò kan lórí WhatsApp, gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo apá ibí yìí o, omi ò jáde láti ìjẹta." Ó parí. Kò sí ìwé àdéhùn tó lè fún èèyàn láṣẹ láti rí ìbàjẹ́ kó sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yẹn ò sọ pé àgbà náà ló bí ọmọ, kò sì sọ pé wọ́n sanwó fún un. Ó wà níbẹ̀, ó sì rí i. Ìyẹn ti tó.

Àmọ́ ká má fi gbogbo ẹrù yìí lé gádínà lórí. Ìdí wà tí àwọn èèyàn fi ń dákẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé nǹkan bàjẹ́ ni wọ́n máa ń bi pé, "Kí lo fi ṣe é?" Ẹni tó ròyìn páìpù tó ń jò, wọ́n lè yọ owó páìpù nínú owó oṣù rẹ̀. Ìgbà tó bá tún rí òmíràn, á gbójú kúrò. Ọ̀gá tó bá ń ṣe báyìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú tó yẹ kó máa bá a ríran. Kò wá lè pariwo lẹ́yìn náà pé òun ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń jẹ agbaṣẹ́ṣe lówó oṣù mẹ́ta, tó tún ń bínú pé koríko ò tutù. Àdéhùn ní ẹsẹ̀ méjì. Bí o bá gé ọ̀kan, má bi èkejì pé kí ló dé tí kò rìn.

Ẹnì kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú ìwé: aládùúgbò. Páìpù tó ń jò lítà kan ní ìṣẹ́jú kan, lítà 1,440 ló ń dà nù lójúmọ́. Láàárín 30 ọjọ́, ó ti di lítà 43,200, ó ju ọkọ̀ omi onílítà 10,000 mẹ́rin lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn ògiri ẹ́sítéètì yẹn gan-an, àwọn èèyàn ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò mọ ògiri. Ní ìlú etíkun bí Èkó, bí a bá fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù, omi iyọ̀ láti inú òkun máa ń wọ inú omi dídùn, kànga ẹni tí kò ní koríko rárá sì lè wà lára àwọn tó máa bàjẹ́. Torí náà, "owó wa la fi ń fa omi" kì í ṣe ìdáhùn tó tó.

Ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Las Vegas wà nínú aṣálẹ̀, wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí rẹ̀. Ní 2021, wọ́n ṣòfin pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2027, wọn ò gbọ́dọ̀ máa fi omi odò Colorado rin koríko ẹ̀ṣọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, irú èyí tó wà láàárín títì tàbí níwájú ọ́fíìsì. Koríko inú ọgbà ilé àdáni ò sí lára rẹ̀. Ohun tí òfin yẹn ń sọ ni pé kí a tó béèrè ẹni tó máa tọ́jú koríko kan, ó yẹ ká béèrè bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí koríko náà wà níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká hú koríko apá ibí yìí, ká gbin ohun tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dín owó tirẹ̀ kù, ojú tí à ń sọ wà lára ẹni yẹn.

Kí ló wá yẹ kó wà nínú ìwé? A kì í ṣe amòfin, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan ò ṣòro. Kí wọ́n kọ ipò tí ẹ̀rọ wà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ má di gbèsè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà bá ṣì ń dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìyẹn máa parí. Kí wọ́n kọ ẹni tó máa rìn yípo ọgbà, ọjọ́ tó máa rìn ín, kó sì ṣí fáàfù kọ̀ọ̀kan wò. Kí wọ́n kọ ẹni tó máa ròyìn fún, àti iye ọjọ́ tí ẹni yẹn ní láti fèsì. Ohun kékeré bí orí ẹ̀rọ lè wà nínú owó oṣooṣù; ohun ńlá bíi pọ́ǹpù, kí ẹni tó ni ín rà á. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìgékoríko fọ́ nǹkan, kó tún un ṣe. Ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Kí wọ́n kọ ẹni tó máa yí aago padà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, àti nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé ní oṣù Kọkànlá. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí iná ò bá sí.

Bí wọ́n bá wá ní ká dá ẹjọ́ koríko wa, ẹni tí a máa kọ́kọ́ mú ni ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àti owó pọ́ǹpù, tí wọ́n sọ fún, tí kò dá wọn lóhùn. Bí wọn ò bá sọ fún un, agbaṣẹ́ṣe la máa mú. Pọ́ǹpù ò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko wà níbẹ̀. Kò lè máa gbowó lórí ohun tó mọ̀ pé omi ò dé, kó má sì sọ̀rọ̀. Gádínà jẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ìyà ló pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà náà, ẹ̀bi yẹn á gòkè lọ bá ẹni tó dẹ́rù bà á. Àwọn olùgbé náà ò bọ́ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wakọ̀ kọjá. Wọ́n rò pé owó tí wọ́n san ti ra ojú.

Owó lè ra ọwọ́. Ó lè ra páìpù, ó lè ra aago tó ń ṣí omi fúnra rẹ̀. Ojú tó ń rí nǹkan kó tó bàjẹ́, tó sì lẹ́nu láti sọ ọ́, àyè la máa ń fún un, a ò lè rà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé iṣẹ́ kan síwájú yín lọ́la, ì báà jẹ́ iṣẹ́ omi, ì báà jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè méjì nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ jíhìn fún, ṣé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín? Bí ẹ bá sì rí ohun tó ń bàjẹ́, ta lẹ máa sọ fún, kí ni wọ́n sì máa fi san án fún yín? Bí ìdáhùn ò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.